Ogun Àwítẹ́lẹ̀ Lójú Omi

Olóòtú ètò yìí ti bèèrè lọ́wọ́ wa bóyá ó yẹ kí Nàìjíríà tún fẹ ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun ojú omi rẹ̀ sí i, nítorí ewu tí ó lè dé ní ọjọ́ iwájú. Àwọn tí wọn yóò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi yóò sọ ti owó àti ti òṣèlú. Iṣẹ́ tèmi ni láti sọ ìtàn, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyí tí a ó bi ara wa ní ìbéèrè náà.

Àwọn baba wa sọ pé ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Gbogbo ìjọba tí ó ti ra ọkọ̀ ogun ní ilẹ̀ yìí ni ó gbára lé òwe yìí, yálà wọ́n mọ̀ ọ́n tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún òwe náà gbọ́ dáadáa, nítorí olùkọ́ èdè ni mí, iṣẹ́ mi sì nìyẹn. Ohun tí wọ́n wí fún arọ náà ni pé ogun ń bọ̀. Wọn kò sọ ọ̀nà tí yóò gbà wọlé fún un. Bí ó bá lọ mọ odi sí ìhà àríwá, tí ogun sì gba ìhà gúúsù wọ ìlú, gbígbọ́ tí ó gbọ́ kò ṣe é ní àǹfààní kankan. Ohun tí ó dé bá ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun wa láti nǹkan bí ọdún 1975 nìyẹn.

Èkó ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti kọ́kọ́ fojú rí ohun tí ọkọ̀ ogun òkèèrè lè ṣe. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ wọ inú ọ̀sà láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ kí wọ́n sì dá Akítóyè padà síbẹ̀. Kòsọ́kọ́ ti to ìbọn àgbá sí etí omi, ó ti gbẹ́ yàrà, ó sì ti ri igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ má baà lè dé èbúté. Ó lé wọn padà. Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì wọ́n tún dé. Ọkọ̀ tí ó tóbi jù nínú tiwọn, Penelope, kò lè wọlé rárá, nítorí yanrìn tí ó dí ẹnu òkun kò jẹ́ kí ó kọjá. Àwọn méjì tí kò wúwo tó o, Bloodhound àti Teazer, ni wọ́n rán wọlé, àwọn méjèèjì sì há sórí yanrìn lábẹ́ ìbọn Kòsọ́kọ́. Ìgbà tí iná rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn bọ́ sí ibi tí ẹ̀tù ìbọn wà ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tí Èkó sì bọ́ lọ́wọ́ ọba náà. Ogun Àgìdìngbì ni àwọn ará Èkó ń pe ogun yìí títí di òní, nítorí bí àgbá ṣe ń dún. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852 Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn; ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus dúró sí iwájú ìlú, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ fi ìlú náà lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí a máa ń fò dá. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó sì kó ọkọ̀ ogun rẹ̀ dání, èyí tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń yọ Èkó lẹ́nu. Ní ọdún 1853 ó gbógun ti Èkó fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ọ̀sà ni, ó mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí kò jìn, ọkọ̀ ẹlẹ́rọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè lépa rẹ̀ dé gbogbo kọ̀rọ̀. Nígbẹ̀yìn, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Benjamin Campbell ni ó wá bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: kí ó gbàgbé Èkó, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa ṣòwò ní ti èbúté rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ ńlá ni ó gba Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọkọ̀ kékeré tí ó sì mọ ojú omi, wọ́n ní láti bá a jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọkọ̀ kékeré yóò tún padà wá sínú ọ̀rọ̀ wa.

Ìjọba amúnisìn kò nílò ọmọ ogun ojú omi tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà, nítorí ọkọ̀ ogun ọba wọn wà lórí òkun. Ohun tí wọ́n ní ni ẹ̀ka ìjọba tí wọ́n ń pè ní Nigeria Marine, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1914 nígbà tí Lugard so gúúsù àti àríwá pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé lẹ́tà, láti kó òṣìṣẹ́ ìjọba àti ẹrù gba orí odò, àti láti máa gbẹ́ yanrìn kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1950 wọ́n pín ẹ̀ka náà. Àwọn aláṣẹ èbúté gba èbúté, àwọn tí ń mójú tó odò gba odò, ohun tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n sì fi dá ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1956. Mo rò pé kò sí ẹ̀ka ológun mìíràn ní ilẹ̀ yìí tí a fi ìyókù bí báyìí.

Òfin ọdún 1958 ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 1959 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún wa ní Hare, ọkọ̀ tí wọ́n ti fi palẹ̀ bọ́ǹbù abẹ́ omi mọ́ nígbà ogun Hitler, a sì sọ ọ́ ní Nigeria. Òfin ọdún 1964 fẹ iṣẹ́ náà sí i ju etíkun lọ. Ọdún yẹn náà ni ọmọ ilẹ̀ wa kọ́kọ́ di olórí rẹ̀: Joseph Edet Akinwale Wey, ẹni tí orúkọ rẹ̀ nìkan ti fi hàn pé Ẹ̀fíìkì àti Yorùbá pàdé nínú rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ni ó kọ́ kí ó tó di ọ̀gágun. Ní ọdún 1965 ọkọ̀ fírígéètì tuntun kan dé láti Họ́láńdì. Nigeria ni wọ́n sọ òun náà, ní ìrántí ti àkọ́kọ́ tí a ti dá padà.

Ọ̀wọ́ kékeré yìí ni ó bá wa dé ojú ogun abẹ́lé. Ní oṣù Keje ọdún 1967, àwọn ọkọ̀ ogun mélòó kan pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ oníṣòwò tí ìjọba gbà lò kó ọmọ ogun lọ sí Bonny, wọ́n sì gba ìlú náà. Ní oṣù Kẹwàá wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Calabar. Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ fi ń jẹ́ Third Marine Commando bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ìjọba àpapọ̀ sé ẹnu òkun mọ́ Bìáfírà, kò sí ohun ìjà tàbí oúnjẹ tí ó lè gba ojú omi wọlé mọ́. Bí a bá ń yin iṣẹ́ náà, kí a má gbàgbé pé ìsémọ́ yìí wà lára ohun tí ó mú kí ebi pa àwọn ọmọdé ní ìhà ìlà-oòrùn ní iye tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán. Agbára ojú omi kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀gágun rí kọ́ nínú ogun náà ni pé ọkọ̀ mélòó kan ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Bí ọkọ̀ bá wá pọ̀ ńkọ́? Nígbà tí owó epo rọ̀bì sì fò sókè láti ọdún 1973 sí 1974, ohun tí wọ́n ń rò di ohun tí ó ṣeé ṣe. Ó yẹ kí a ṣe òtítọ́ sí wọn: ìdí wà. Gúúsù Áfíríkà àwọn aláwọ̀ funfun ní ọkọ̀ ogun, Nàìjíríà sì ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀tá wọn ní gbangba. Ní ọdún 1978 ìjọba ológun ṣe òfin tí ó sọ ọrọ̀ inú òkun di tiwa títí dé 200 máìlì òkun láti etíkun. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981 àwọn ológun Kamẹrúùnù pa ọmọ ogun Nàìjíríà márùn-ún ní ẹnubodè ojú omi, gbogbo ilẹ̀ sì gbóná. Ta ni yóò dìde nígbà náà kí ó sọ pé kí a má ra ọkọ̀?

Nítorí náà a rà á. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Dorina àti Otobo ti dé ní ọdún 1972, Erinmi àti Enyimiri sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1980. Láti Jámánì ni ọkọ̀ akóológun Ambe àti Ofiom ti dé ní ọdún 1979. Ọkọ̀ mẹ́fà tí ń sáré, tí ó sì ń ju mísáìlì, dé tẹ̀ lé e: mẹ́ta láti Jámánì, tí wọ́n ń jẹ́ Ekpe, Damisa àti Agu; mẹ́ta láti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń jẹ́ Siri, Ayam àti Ekun. Ní ti èdè, inú mi dùn sí àwọn orúkọ yìí. Ẹkùn ni Yorùbá ń pe ẹranko náà, Hausa ń pè é ní damisa, Ígbò ń pè é ní agu, Ẹ̀fíìkì ń pè é ní ekpe. Ẹranko kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbogbo èdè wa sọ lórúkọ, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kí ọ̀wọ́ ọkọ̀ náà jẹ́ Nàìjíríà gan-an.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹkùn náà kì í jẹ ẹran kan náà. Àwọn tí ó ti Jámánì wá ń lo mísáìlì Otomat ti Ítálì. Àwọn tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá ń lo Exocet tiwọn. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fẹ́ ṣe, ní òkun kan náà, fún ọ̀gá kan náà, a sì ní láti kọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì, kí a kó oríṣi ẹ̀yà ẹ̀rọ méjì jọ, kí a sì kọ lẹ́tà sí orílẹ̀-èdè méjì nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Bí idán ni fún mi pé kò sí ẹni tí ó ka èyí sí ìṣòro nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ọjà.

Olórí gbogbo wọn ni Aradu. Ní Hamburg, ní ilé iṣẹ́ Blohm + Voss, ni wọ́n ti kàn án. Wọ́n tì í sínú omi ní oṣù Kìíní ọdún 1980, ó sì di ti ọmọ ogun ojú omi wa ní oṣù Kejì ọdún 1982. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 125. Òun ni àkọ́kọ́ nínú irú ọkọ̀ MEKO tí ilé iṣẹ́ náà kàn, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ra irú rẹ̀ lẹ́yìn wa. Ọ̀rọ̀ Hausa ni aradu, ohun tí Yorùbá ń pè ní àrá ni ó sì ń jẹ́. Kò sí orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú mìíràn ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó ní ohun tí ó jọ ọ́. Ẹ wá wo inú rẹ̀: Jámánì ni ó kan igi àti irin rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń gbé e sáré jẹ́ ti Rolls-Royce ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ tí ó fi ń rìn jẹ́jẹ́ jẹ́ ti Jámánì, ìbọn ńlá iwájú rẹ̀ àti mísáìlì rẹ̀ jẹ́ ti Ítálì, hẹlikọ́pítà Lynx tí a rà fún un, tí ó dé ní ọdún 1984, jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí owó bá wà. Ṣùgbọ́n ọdún tí ọkọ̀ náà dé ni owó epo ń já wálẹ̀.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun kan tí n kò rí i kí àwọn ènìyàn sọ tó. Ibùdó àtúnṣe ọkọ̀ ogun tí a kọ́ sí Èkó, èyí tí ó lè gba ọkọ̀ tí ó tóbi bí Aradu, ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ dé nìyẹn. Iyọ̀ òkun kì í dúró de ìjọba. Ìdí ọkọ̀ tí ó wà nínú omi máa ń hu èéhù, ìkarahun máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, irin máa ń dípẹtà. Ó sì gbọ́dọ̀ jáde sórí ilẹ̀ gbígbẹ láti ìgbà dé ìgbà kí a fọ̀ ọ́, kí a kùn ún, kí a sì yẹ ìdí àti ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Bí a kò bá ní ibi tí a ti lè ṣe èyí nílé, òkèèrè ni a ó lọ, owó òkèèrè ni a ó sì fi san án. Láti ọdún 1986, nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ta ni ó lè san án? Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sì fi òfin dè wá lẹ́yìn ọdún 1993 nítorí ìbò tí ìjọba ológun fagi lé àti ohun tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀yà ẹ̀rọ tí a lè fi owó rà gan-an di ohun àìrí. Ẹkùn mẹ́fà dúró sí èbúté. A tún ra ọkọ̀ apalẹ̀-bọ́ǹbù-mọ́ méjì láti Ítálì, Ohue àti Maraba, tí wọ́n dé ní ọdún 1987 àti 1988. Síbẹ̀, bọ́ǹbù abẹ́ omi kọ́ ni olórí ewu tí ó dé bá wa.

Kí n má baà ṣe ojúsàájú, ọ̀wọ́ náà ṣe iṣẹ́ gidi lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990 àwọn ọkọ̀ wa wà lára àwọn tí wọ́n gbé ọmọ ogun ECOMOG láti Freetown lọ sí Monrovia, nígbà tí Làìbéríà ń jó. Bí a kò bá ní ọkọ̀ ni, bóyá ẹgbẹ́ ológun náà kì bá tí dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé owó òfò ni gbogbo ohun tí a rà, kí ó rántí èyí.

Níbo wá ni ewu gbà wọlé? Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 1975. Ọdún náà ni ìjọba àti àwọn alágbàṣe rẹ̀ bẹ sìmẹ́ǹtì lọ́wẹ̀ láti gbogbo ayé, ó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, nígbà tí èbúté Èkó kò lè já ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú rẹ̀ lọ́dún. Ọkọ̀ òkèèrè tí ó lé ní 400 wá dúró lójú òkun Èkó, wọ́n ju ìdákọ̀ró, wọ́n ń retí. Àwọn mìíràn dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Sìmẹ́ǹtì ń gan nínú ọkọ̀, àwọn atukọ̀ ń sùn. Ní òru, àwọn ènìyàn a wa ọkọ̀ kékeré lọ bá wọn, wọn a fi okùn àti ìwọ̀ gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọn a sì kó ohun tí ọwọ́ wọn bá bà. Bí olè ojú omi ṣe gbilẹ̀ ní òde òní ní Èkó nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, gbogbo atukọ̀ ayé ni ó mọ ìdákọ̀ró Èkó sí ibi eléwu. Ní àwọn ọdún kan náà ni Hamburg àti Cherbourg ń kàn fún wa ní ọkọ̀ tí ó lè fi mísáìlì rì ọkọ̀ ogun mìíràn láti ọ̀nà jíjìn. Mísáìlì kò ní ohun tí yóò ṣe fún ọkùnrin mẹ́fà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n.

Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré náà ti ń dàgbà. Ó gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn, ó gbé ìbọn síwájú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2008, àwọn agbébọn láti inú irà Niger Delta gun ọkọ̀ asáré jáde lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa epo Bonga, èyí tí ó wà ní nǹkan bí 120 kìlómítà sínú òkun, tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ọwọ́ kò lè tó, ilé iṣẹ́ náà sì ní láti dá iṣẹ́ dúró. Ní oṣù Keje ọdún 2009 wọ́n dé Èkó fúnra rẹ̀, wọ́n sì fọ́ èbúté epo Atlas Cove. Kòsọ́kọ́ ìbá mọ irú ogun yìí.

Ewu mìíràn tún wà tí kò ti ìta wá rárá. Ní ọdún 2003 wọ́n mú ọkọ̀ African Pride pẹ̀lú epo tí wọ́n jí. Ní ọdún 2004 ọkọ̀ náà pòórá níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ti ń ṣọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ ológun dá ọ̀gágun ojú omi méjì lẹ́bi ní ọdún 2005. Bí a bá ra ọgọ́rùn-ún ọkọ̀, wọn kò lè dí irú ihò yẹn.

Ní ọdún 2005 yìí kan náà ni Aradu rìn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọkọ̀ ogun ayé ti péjọ fún ìrántí igba ọdún ogun Trafalgar. Ìrìn àjò tí ó yẹ kí a yọ̀ sí ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìdúró ní èbúté ni ó pọ̀ jù nínú ayé ọkọ̀ náà. Nígbà tí ó di ọdún 2011, Amẹ́ríkà fún wa ní ọkọ̀ kan tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wọn ti lò láti ọdún 1968. A sọ ọ́ ní Thunder. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Hausa tí ẹ sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò ti rí i: àrá kejì ni. Àkọ́kọ́ jẹ́ tuntun tí a fi owó ara wa rà, èkejì jẹ́ àlòkù tí a fi ta wá lọ́rẹ. Àlòkù náà ni ó sì rìn lọ dé Sydney ní Ọsirélíà ní ọdún 2013. Ìkejì rẹ̀, Okpabana, tẹ̀ lé e ní ọdún 2014.

Kí ni ó fà á tí àwọn àgbàlagbà ọkọ̀ yìí fi wúlò ju àwọn ẹkùn lọ? Wọn kò sáré tó wọn, wọn kò ní mísáìlì. Ohun tí wọ́n ní ni pé wọ́n lè pẹ́ lójú òkun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ọ̀lọ́dẹ òkun ni a sì kàn wọ́n fún. Ní oṣù Kejì ọdún 2016 àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ epo Maximus ní òkun Abidjan. Ghana, Tógò àti Benin ń tọpa rẹ̀ bí ó ṣe ń kọjá, Amẹ́ríkà náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà tó wọ inú rẹ̀ nítòsí São Tomé, tí wọ́n sì gbà á padà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè etíkun ṣe ní Yaoundé ní ọdún 2013 ni ó la ọ̀nà fún irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ó ṣe é.

Síbẹ̀ ìṣòro náà kò tán. Ní ọdún 2020, nínú atukọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé ní gbogbo ayé, 130 ni wọ́n jí gbé ní apá òkun tí a ń pè ní Gulf of Guinea. Ẹ fojú inú wò ó. Ọdún kejì rẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ gidigidi. Bí mo bá máa tò ìdí rẹ̀, n kò ní fi ọkọ̀ ńlá ṣáájú. N ó fi òfin ṣáájú: títí di ọdún 2019 a kò ní òfin tí ó sọ pé jíjà lólè lójú òkun jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá mú olè náà, lọ́nà wo ni wọn ó gbà dá a lẹ́jọ́? Òfin ọdún 2019 yanjú ìyẹn, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 sì ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt kọ́kọ́ fi òfin náà dá ajalèlókun lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kéékèèké, ọkọ̀ òfuurufú àti ẹ̀rọ tí ń ríran jìnnà, èyí tí ìjọba gbé kalẹ̀ lábẹ́ ètò Deep Blue ní ọdún 2021. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gágun tí wọ́n ń wo wa nílé lè bá mi jiyàn lórí bí mo ṣe tò ó.

Ohun kan wà tí mo kà sí àṣeyọrí ju gbogbo èyí lọ, bí ó tilẹ̀ kéré lójú. Ní ọdún 2012, ní ibùdó àtúnṣe ọkọ̀ ní Èkó, àwọn ẹlẹ́rọ ọmọ ogun ojú omi wa parí ọkọ̀ kan tí àwọn fúnra wọn kàn: Andoni, mítà 31 péré. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, Karaduwa, gùn tó mítà 38, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016. Oji ni ẹ̀kẹta, ní ọdún 2021. Ẹ fi mítà 31 wé mítà 125 ti Aradu, ẹ ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ Andoni bá dákẹ́, ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ wà ní Èkó, ó ń gba owó oṣù ní náírà, ó sì lè dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Odò tí irú ọkọ̀ yìí lè wọ̀, Aradu kò lè wọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí Penelope kò ti lè wọ Èkó.

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. A ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í rà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ, nítorí òkun wa gbòòrò, ọkọ̀ kékeré kò sì lè dé 200 máìlì. Centenary àti Unity dé láti Ṣáínà ní ọdún 2015 àti 2016. Lana, tí ń yẹ ìsàlẹ̀ òkun wò, dé láti ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2021. Ní ọdún 2022 Kada dé, ọkọ̀ akóológun tí a kàn ní Sharjah, ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn Ambe àti Ofiom. Ní ọdún 2021 ìjọba tún fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Dearsan ní Tọ́kì fún ọkọ̀ ọ̀lọ́dẹ òkun méjì, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní mítà 76. Ẹ ka àwọn orílẹ̀-èdè náà fúnra yín.

Nítorí náà, kí olóòtú tó fún àwọn tí ó kù ní ààyè, ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a fi sí iwájú ọ̀gágun àti olówó ìjọba tí wọ́n jókòó pẹ̀lú wa. Nínú owó tí a san fún ọkọ̀ méjì náà, mélòó ni ti ẹ̀yà ẹ̀rọ àti ti kíkọ́ àwọn ọmọ wa ní àtúnṣe rẹ̀? Ọjọ́ wo ni a dá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti kọ́kọ́ jáde kúrò nínú omi, ibùdó wo ni yóò sì gbà á? Ẹlẹ́rọ mélòó nínú àwọn tí wọ́n kan Andoni ni ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó?